Katakata bàbá wa tó ti dúró fún ọdún 17 ní Ìjàyè: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìjàyè (Ọjọ́ Ajé, aago 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lórí katakata kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọ. Massey Ferguson 135 ni, ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta tó ń lo dísẹ̀lì ló sì wà nínú rẹ̀. Ní 1974 ni bàbá wa rà á ní tuntun, òun ni wọ́n fi ń túlẹ̀ oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wa lẹ́yìn Ìjàyè-Òrílé títí di 2008, nígbà tí orúnkún ń dùn wọ́n débi pé wọn kò lè gun orí rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ló ti dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan. Bàbá wa máa ń fi agolo mílíìkì dé ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kí òjò má baà wọ inú ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé oko lẹ́yìn ìsìnkú wọn lọ́dún tó kọjá, agolo náà ti dípẹtà, ìdajì rẹ̀ ló kù lórí páìpù, ìdajì yòókù sì ti já sílẹ̀ láàárín ewé.

Mo ti yẹ ohun tí mo lè yẹ̀ wò. Sítíárì ń yí, ọ̀pá gíà ń lọ ó sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò yí rárá: mo fi sípánà ńlá sí nọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mì. Nígbà tí mo yọ gééjì ọ́ìlì, ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè, ó sì funfun bí ògì. Àwọn táyà ẹ̀yìn ti sán, ti iwájú ti jókòó sílẹ̀, bátìrì kò sí níbẹ̀ mọ́, eku sì ti jẹ wáyà.

Mẹkáníìkì kan tí mo mú lọ síbẹ̀ sọ pé kí n wá lọ́rì kan tí yóò fà á nínú gíà, pé yóò jí. Ẹni tó ń ra irin àlòkù náà ti wá lẹ́ẹ̀mejì, méjì nínú àwa ọmọ márùn-ún sì fẹ́ kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ fi ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ o, mo fẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀. Ibo ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ti bẹ̀rẹ̀?

Jórinjórin Ọ̀jọ́ọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:15 àárọ̀)

Ẹ kú ìrọ́jú ti bàbá. Ohun tí mẹkáníìkì yín sọ kò burú. Ẹ da kẹrosíìnì sí i lórí, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ sì wá lọ́rì. A ṣe irú rẹ̀ fún oníbàárà mi kan ní ìhà Akínyẹlé, wọn kò fà á dé ogójì ìṣísẹ̀ tí èéfín fi jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín jó bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mádígáàdì tó ti jẹrà, ẹ kàn sí mi.

Mẹkáníìkì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, aago 12:50 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí lọ́rì kankan fa katakata yẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n àpèjúwe tí Ọmọ Àgbẹ̀ ṣe yìí ti fi hàn pé omi wà nínú ẹ́ńjìnì náà. Ọ́ìlì kì í pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá àmì tó sì funfun bí ògì, omi ló wọlé, omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló wà, ó gbé ọ́ìlì sókè. Omi náà gba páìpù èéfín wọlé, ó gba ibi fáàfù tó ṣí sílẹ̀ bọ́ sórí písítìn, ó sì ń jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Písítìn ti fi ìpẹtà lẹ̀ mọ́ sílíìfù, ìyẹn ihò irin tó ti ń gòkè, tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá wá fi lọ́rì fa á nínú gíà, táyà ẹ̀yìn yóò fi agbára tó pọ̀ ju ti ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lọ yí káránkì (ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnì tí písítìn ń yí), ohun tó bá sì jẹ́ aláìlágbára jù níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà: kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ káránkì, yóò tẹ̀, tàbí ríìngì yóò fọ́ sínú ihò rẹ̀, tàbí, bí omi bá ṣì wà lórí písítìn, omi tí kò ṣeé fún pọ̀ yẹn yóò ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Omi ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohun tó dà bí ògì, lẹ́yìn náà ọ́ìlì dúdú. Ẹ wọn omi náà kí ẹ mọ iye tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ife méjì, ìrètí pọ̀. Bó bá jẹ́ líítà mẹ́ta, ẹ múra sílẹ̀ pé a ó yẹ káránkì àti bèárì rẹ̀ wò dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti dísẹ̀lì fọ gbogbo ìdọ̀tí tó wà ní àyíká nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (àwọn ohun tó ń fín dísẹ̀lì sínú sílíńdà), kí ẹ tó tú wọn. Má ṣe tú nọ́sù nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì yí i ká. Fi ọ̀rá tó mọ́ di gbogbo ẹnu páìpù tí o bá tú, nítorí pé agbọ́n a máa mọ ilé alámọ̀ sínú ihò kékeré láàárín ọjọ́ méjì péré. Fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Nínú sílíńdà mẹ́ta, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló bàjẹ́ gan-an, èyí tí fáàfù èéfín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a pa ẹ́ńjìnì náà kẹ́yìn. Àwọn méjì yòókù lè mọ́ bí ìgbà tí bàbá pa á.

Da ọ́ìlì gíà ọkọ̀ aládàáṣe, èyí tó pupa, tí o pò mọ́ dísẹ̀lì, sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tó ife kọ́fí kan. Fi í sílẹ̀. Lójoojúmọ́, yọ kíkì-sítátà kúrò ní ipò rẹ̀, fi irin gígùn ti eyín fíláìwíìlì (kẹ̀kẹ́ irin eléyín tó ń bá káránkì yí), sọ́tùn-ún díẹ̀, sósì díẹ̀, láìfi ìbínú sí i. Ohun tí ò ń wá kì í ṣe kó yí, ohun tí ò ń wá ni kó mì. Bó bá ti mì bí ìbú èékánná, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò mì, nígbà náà ni a ó ṣí orí ẹ́ńjìnì, tí a ó fi pákó líle lé orí písítìn, tí a ó sì rọra máa fi òòlù gbá pákó náà, kì í ṣe písítìn.

Kẹrosíìnì tí a dà sí i lórí láti òde kò lè dé ibi tí ìṣòro wà.

Tọpẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 3:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation. Mo kà níbì kan pé Kóòkì máa ń jẹ ìpẹtà, ó sì rọrùn láti rí ju ọ́ìlì pupa lọ. Ṣé kò ní ṣiṣẹ́? Ìbéèrè mi kejì ni pé, ṣé kò ní dára kí a ra bátìrì kí a fi dán kíkì-sítátà wò, bóyá agbára rẹ̀ yóò yí ẹ́ńjìnì náà?

Mẹkáníìkì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Tọpẹ́, Kóòkì lè jẹ ìpẹtà díẹ̀ lára irin lásán, ṣùgbọ́n omi àti ṣúgà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí omi ló bà á jẹ́ ni ẹ tún fẹ́ da omi sí. Ní ti bátìrì, ẹ́ńjìnì tó lẹ̀ pa yóò jó kíkì-sítátà, tàbí kí ó fọ́ eyín fíláìwíìlì. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń ṣe é títí yóò fi yí ní ìyípo méjì gbáko láìdúró. Nígbà tí ẹ bá sì ra bátìrì, ẹ wo èwo nínú ojú rẹ̀ méjèèjì ni wáyà ara katakata náà so mọ́, kí ẹ tó so ó: àwọn katakata ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ojú pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara irin.

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:10 àárọ̀)

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Láti 1972 ni mo ti ń wa katakata, ní oko ìjọba, kí n tó máa wà á fún ara mi. Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ Mẹkáníìkì Mọ́níyà sì tọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí yóò ṣe jí. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ bí yóò ṣe dúró.

Bíréèkì katakata yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀rá tó ń dí ọ́ìlì lẹ́nu áàsù ẹ̀yìn máa ń gbẹ bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, ọ́ìlì a sì jò bọ́ sórí láínì bíréèkì. O kò ní mọ̀ nígbà tó bá dúró sójú kan. Ọjọ́ tí o bá wà á sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ni wàá mọ̀. Nítorí náà, tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kí o tó ra ohunkóhun fún ẹ́ńjìnì. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù náà, nítorí asbestos wà nínú láínì bíréèkì àti díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Fi aṣọ tó tutù nù ún, kí o sì sọ aṣọ náà nù. Ẹ jẹ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà tí ẹ bá ń yọ táyà ẹ̀yìn, nítorí pé a máa ń rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn nígbà náà kí ó lè wúwo, kí ó sì di ilẹ̀ mú. Bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fà á jáde.

Kílọ́ọ̀ṣì náà yóò ti lẹ̀ mọ́ fíláìwíìlì. Tẹ pẹ́dà rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, fi pákó tì í kó má baà dìde, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò já fúnra rẹ̀, ìró rẹ̀ a dún bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ bá ṣẹ́.

Ọ́ìlì ẹ̀yìn ńkọ́? Nínú 135, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú gíà, nínú dífù, àti nínú ohun tó ń gbé páláù sókè. Ó tó nǹkan bí 30 líítà. Ihò ibi tí ọ̀pá gíà ti wọlé ni òjò ń gbà bọ́ síbẹ̀, ní pàtàkì bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya. Bí ọ́ìlì ẹ̀yìn náà bá ti funfun, má fi pamọ́ nítorí owó. Dà á nù, fi dísẹ̀lì fọ inú rẹ̀, kí o tó da tuntun.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Pọ́ńpù tó ń gbé páláù wà nínú àpótí ẹ̀yìn, ọ̀pá PTO (èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn fún ẹ̀rọ mìíràn) ló sì ń yí i. Bí ọwọ́ PTO kò bá sí ní ipò iṣẹ́, páláù kò ní gòkè. Mo mọ ẹni tó ti san owó pọ́ńpù tuntun kí ẹnìkan tó wá fi ọwọ́ kan ọwọ́ PTO náà síwájú, tí ohun gbogbo sì gòkè.

Wò ó bóyá ti bàbá rẹ ní Multi-Power, ìyẹn ọwọ́ kékeré kan tó ń pààrọ̀ eré láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá ní in, má ṣe fi í sí kékeré nígbà tí ò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, pàápàá pẹ̀lú tírélà ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. Ní kékeré yẹn, ẹ́ńjìnì kì í dá ọkọ̀ dúró, ńṣe ni yóò máa yọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan kú báyìí ní 1981, katakata náà sì dojú dé lé e lórí. Títí di òní, bí mo bá dé orí òkè, ẹsẹ̀ mi a máa wá bíréèkì kí ojú mi tó rí ìsàlẹ̀.

Jórinjórin Ọ̀jọ́ọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20 àárọ̀)

Ẹ kú ìmọ̀ràn, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín mú mi ronú lórí ohun tí mo kọ lánàá, mo sì pe oníbàárà mi ti Akínyẹlé. Òótọ́ ni pé ó jí lọ́jọ́ tí a fà á. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kò lò tó oṣù méjì tí kọ́nrọ́ọ̀dù kan fi gbá ara ẹ́ńjìnì lu, ó sì ti tà á fún àwọn oní-irin. Mo gba ọ̀rọ̀ lọ́rì náà padà.

Mo lè fi páìpù ńlá jó ìbòrí ààbò fún un, kó má baà tẹ awakọ̀ pa bó bá dojú dé. N ó kàn án mọ́ orí áàsù ẹ̀yìn.

Tọpẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:35 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n kọ́ wa pé irin ààbò yẹn kì í ṣe páìpù èyíkéyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1970 ni òfin ti ní kí gbogbo katakata tuntun tí wọ́n bá ń tà máa ní in, wọ́n sì máa ń dán irú rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Bí ojú jíjó bá já, tàbí tí páìpù bá tẹ̀, awakọ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé e yóò wà nínú ewu ju ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ààbò lọ. Èyí tí a yọ lára 135 mìíràn, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí a fi bóòtù dè mọ́ áàsù, ló dára, pẹ̀lú bẹ́líìtì ìjókòó.

Jórinjórin Ọ̀jọ́ọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:10 ọ̀sán)

Mo gbọ́, àbúrò. Ohun tí o sọ mọ́gbọ́n dání. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mádígáàdì ni n ó dojú kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ tèmi kún un: bí tánkì epo bá ti lu, ẹ má gbé e wá fún jórinjórin kankan láìjẹ́ pé ẹ ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sì rọ omi kún un títí dé abẹ́ ibi tí a fẹ́ jó. Atẹ́gùn epo tó kù nínú tánkì tó ṣófo ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀.

Adé Nọ́sù, Géètì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:45 alẹ́)

Iṣẹ́ nọ́sù àti pọ́ńpù dísẹ̀lì ni mo ń ṣe ní Géètì, ní Ìbàdàn. Ọ̀gá Mọ́níyà sọ ohun gbogbo dáadáa, ṣùgbọ́n ó fo pọ́ńpù, bẹ́ẹ̀ pọ́ńpù ni owó yóò ti bọ́ lọ́wọ́ yín jù lẹ́yìn táyà.

Pọ́ńpù CAV DPA ló sábà máa ń wà lára 135. Epo dísẹ̀lì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ọ́ìlì rẹ̀, kò ní òmíràn. Nígbà tó bá dúró fún ọdún 17, epo náà á di gọ́ọ̀mù, omi á sì mú ìpẹtà wá sára àwọn irin tí ojú wọn dán bí dígí. Ẹ má ṣí i lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ sàmì sí ibi tí ó ti pàdé ara ẹ́ńjìnì kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ gbé e wá fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó pààrọ̀ ọ̀rá inú rẹ̀, kí ó sì tún iye epo tó ń jáde ṣe. Kí ó dán nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò pẹ̀lú, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ sì fojú rí bí epo ṣe ń jáde bí ìkùukùu, láìkán tótó. Nígbà ìdánwò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ sí iwájú nọ́sù. Agbára tí epo náà fi ń jáde lè gún awọ ara, kí ó sì wọ inú ẹran ara, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú ibẹ̀ kò bá ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Tánkì ní tirẹ̀: ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ àti dísẹ̀lì díẹ̀ sí i, kí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì máa gbọ̀n ọ́n fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ ó yà á lẹ́nu ohun tí yóò jáde. Lẹ́yìn náà, fílítà tuntun.

Nígbà tí a bá dá ohun gbogbo padà, afẹ́fẹ́ yóò wà nínú páìpù, ẹ́ńjìnì kò sì ní jí títí a ó fi lé e jáde. Ẹ máa fi ọwọ́ fa pọ́ńpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ tú sùkúrú orí fílítà títí epo tí kò ní ìfóòfó yóò fi jáde, ẹ dè é. Ẹ ṣe bákan náà fún sùkúrú ara pọ́ńpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù méjì díẹ̀, kí kíkì-sítátà yí i títí epo yóò fi hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé pọ́ńpù ti kú, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ jí, ẹ yọ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹnìkan sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ kan tó tóbi ju ẹnu ihò náà lọ. Bí ohun kan bá há nínú pọ́ńpù, ẹ́ńjìnì náà lè máa sáré lọ láìgbọ́ ìdádúró, kí ó sì fọ́ ara rẹ̀. Pákó tí a fi dí afẹ́fẹ́ ni yóò pa á. Kì í ṣe ọwọ́ o, kì í sì í ṣe aṣọ, nítorí yóò fa méjèèjì wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Ìdó (Ọjọ́rú, aago 5:55 àárọ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì rí i pé mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Ọkọ mi náà fi katakata sílẹ̀ fún mi, 165 ni tiwa. Ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ sọ fún mi pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú, pé àwọn yóò fi ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ kan rọ́pò rẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì dín sí ìdajì. Mo gbà. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Eré ẹ́ńjìnì náà kò bá gíà mu, irin tí wọ́n jó láti fi dè é máa ń sán, bí kílọ́ọ̀ṣì sì ti bàjẹ́ ni kò sí ohun tó bá a mu ní gbogbo Ìbàdàn. Nígbà tí mo padà lọ béèrè ẹ́ńjìnì àtijọ́, wọ́n ní àwọn ti tà á. N kò ní ìwé kankan láti fi hàn pé mo gbé e fún wọn.

Nítorí náà, ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ Perkins yẹn sọnù. Kọ nọ́ḿbà tó wà lára ẹ́ńjìnì àti ti páátákó abẹ́ sítíárì sínú ìwé, ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù. Gbogbo ohun tó bá kúrò ní oko, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó gbé e lọ fọwọ́ sí i. Má sì ra ọ̀dà pupa kankan títí yóò fi túlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀dà ni wọ́n fi tàn mí jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé tèmi dé, ó ń dán débi pé mo sunkún ayọ̀, n kò sì wo abẹ́ rẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́níyà (Ọjọ́rú, aago 10:05 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Òótọ́ ni ẹ sọ. Ìdí tí 135 fi yẹ ní títúnṣe ju ọ̀pọ̀ katakata mìíràn lọ ni pé ohun èlò rẹ̀ kò tíì tán láyé. Ilé-iṣẹ́ TAFE ní Íńdíà àti Millat ní Pákísítánì ń ṣe katakata tó ti ìdílé Massey Ferguson yìí wá, nítorí náà sílíìfù, písítìn, ríìngì, bèárì àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí ọjà, ẹ fi wọ́n tì ara wọn, ẹ má fi ẹnu júwe rẹ̀ fún olùtajà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi thermostat, ohun tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, sí i padà pẹ̀lú. Àwa mẹkáníìkì fẹ́ràn láti máa yọ ọ́ nítorí ooru ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì tí kò gbóná tó yóò máa jẹ sílíìfù rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fáàfù ṣe, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.30 nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù.

Agbẹjọ́rò Bódìjà (Ọjọ́rú, aago 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí gbogbo yín fò dá. Ó ní àwọn ọmọ márùn-ún ni wọ́n, méjì fẹ́ tà. Bí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún, dúkìá ẹbí ni katakata náà, yálà ẹ pín ogún ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Owó tí o bá ná sórí rẹ̀ kò sọ ọ́ di tìrẹ. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí ilé tí ọ̀kan fi owó ara rẹ̀ tún ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Kí o tó ra ohunkóhun, pe ìpàdé ẹbí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin iye tí yóò san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye yẹn ni ohun tí katakata náà jẹ́ lónìí, kí owó rẹ tó wọ inú rẹ̀. O lè ra ìpín àwọn tó fẹ́ tà, tàbí kí ẹ gbà pé ìwọ yóò kọ́kọ́ gba owó rẹ padà nínú owó iṣẹ́ tó bá ń ṣe fún àwọn aládùúgbò, kí ẹ tó máa pín. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìjàyè (Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aago 7:15 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo dákẹ́ nítorí pé mo fẹ́ ṣe ohun tí ẹ sọ kí n tó padà wá.

Ìpàdé ẹbí kọ́kọ́ wáyé. Mo ra ìpín ẹ̀gbọ́n wa kan, èkejì sì yí ọkàn padà nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ sí i létí. A ti fọwọ́ sí ìwé.

Omi tó jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnì kò ju ife mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo yọ nọ́sù, ti iwájú àti ti àárín mọ́, ti ẹ̀yìn ni ìpẹtà kún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ. Mo da ọ́ìlì pupa àti dísẹ̀lì sí i. Ìró kílọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, ó dún gan-an bí ẹ̀ka igi, àbúrò mi sáré jáde láti inú ahéré. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti irin sí eyín fíláìwíìlì, ó mì. Ó kéré débi pé mo rò pé ọwọ́ mi ló yọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, mo sì tún un ṣe: àmì náà kúrò ní ipò rẹ̀. Lánàá, ó yí ní ìyípo méjì gbáko. Ìró omi kékeré kan ń jáde nínú ihò kẹta, mo sì ń fi aṣọ nù ún.

A ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún. Ọ́ìlì ti rin láínì bíréèkì rẹ̀ gbingbin. Ọ́ìlì ẹ̀yìn náà funfun. Pọ́ńpù wà lọ́wọ́ Adé ní Géètì, a sì ti kọ ìwé fún un.

Ìbéèrè tó kù: ṣé kí n ṣí orí ẹ́ńjìnì nítorí sílíńdà kẹta, tàbí kí n jẹ́ kó jí ná kí n tó mọ̀?

Mẹkáníìkì Mọ́níyà (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:30 alẹ́)

Ẹ kú àṣeyọrí. Bó bá jẹ́ tèmi, n ó jẹ́ kó jí pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun, kí n sì wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún bí wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ríìngì tó há ló ń bọ́ nígbà tó bá gbóná. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, ẹ da ọ́ìlì tuntun náà nù, kí ẹ tún da òmíràn.

Adé Nọ́sù, Géètì (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́)

N kò gbà pẹ̀lú ọ̀gá lórí èyí. Ìpẹtà tó kún sílíńdà yóò ha sílíìfù láàárín wákàtí kan yẹn. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó sílíìfù. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọwọ́ pa ara sílíìfù náà: bí èékánná yín bá há sínú ihò ìpẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá há, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dé e padà. Pọ́ńpù yín yóò ṣe tán ní Ọjọ́bọ̀.

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 5:50 àárọ̀)

Adé ló tọ̀nà lórí èyí. Ṣí i. Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó wọ mọ́tò láti Mọ́níyà, kí ẹnìkan wá pàdé mi ní ojú títì pẹ̀lú ọ̀kadà. Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì kí n tó dé, kí ẹ sì má tíì da epo sí tánkì.